Orin Tuntun Lórí Ẹ̀rọ Àtijọ́

Ohùn àkọ́kọ́ tí Adàkọ lè rántí láyé rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ohùn gègé ni. Bàbá rẹ̀ ní gègé kan tó ní ẹnu márùn-ún, irin ni gbogbo ẹnu náà. Bí bàbá bá ti tì í bọ inú tàdáwà, á gbé e lé etí bébà, á fà á lọ sí apá kejì láì mí, ìlà márùn-ún á sì hù lójú bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀. Á dákẹ́ díẹ̀. Ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀. Abẹ́ tábìlì ni ọmọdébìnrin náà máa ń jókòó sí, tí yóò máa fi ìka fa ìlà tirẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Bí gègé bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á mọ̀ pé bàbá òun ti ṣàṣìṣe, pé bébà yẹn ti di yíya, àti pé kí òun má bèèrè ohunkóhun títí ìlà mìíràn yóò fi dún.

Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe orin, ìwé ńlá kan ṣoṣo ló máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ti fayolíìnì, ti fèrè, ti àwọn tó ń fẹnu kọ ọ́, gbogbo wọn lórí ara wọn bí ilé alájà. Ṣùgbọ́n kí ni onífèrè fẹ́ fi ti oní-fayolíìnì ṣe? Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó yọ ti olúkúlùkù sọ́tọ̀, kí ó kọ ọ́ gàdàgbà, kí ó sì fi ọgbọ́n pín in, kí ojú ewé má baà parí níbi tí òṣèré kò ti ní ọwọ́ tí yóò fi ṣí i. Ẹni yẹn ni adàkọ. Bí orin bá dùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe é àti àwọn tó kọ ọ́. Bí ó bá dàrú, wọ́n á wá adàkọ wá.

Ọmọ ló jogún iṣẹ́ náà, ó sì jogún orúkọ mọ́ ọn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Àwọn òṣèré ń pè é ní Àǹtí Adàkọ. Ọkọ rẹ̀ náà ń pè é ní Adàkọ, àfi ìgbà tí inú bá ń bí i, nígbà náà ló máa ń di Ìyá Kọ̀ǹpútà. Nítorí kò fi gègé ṣe é mọ́ láti ọjọ́ tí ọrùn ọwọ́ ti ń ro ó. Ọdún tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ ilé-ìwé ló gbé kọ̀ǹpútà wọlé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó fẹ̀ bí àpótí aṣọ. Ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì nílùú mìíràn. Kọ̀ǹpútà ò lọ síbì kankan. Ó wà nínú yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó nítorí eruku, fáànù inú rẹ̀ sì ń kùn bí ẹni tó ń ráhùn lábẹ́ ahọ́n.

Ọkọ rẹ̀, tó wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ló sọ ẹ̀rọ náà ní Ẹ̀gbọ́n Ọkọ. Bó bá jí láàárọ̀ tó gbọ́ tí ó ń kùn, á na ara, á ní, “Adàkọ, ẹ̀gbọ́n mi ti jí o. Ṣé ìyẹn ti jẹun ná, àbí èmi ni màá kọ́kọ́ jẹ?”

Àwọn ènìyàn ti sọ fún un títí kí ó sọ ẹ̀rọ náà nù. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé àwọn méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fífẹ̀ yẹn kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà mìíràn yàtọ̀ sí ti èyí. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì tipẹ́. Lọ́jọ́ kan tí atúnkọ̀ǹpútàṣe gbìyànjú láti fi ètò ìpìlẹ̀ tuntun sínú kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ètò tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró lé lórí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí. Ìgbà tí wọ́n dá ètò àtijọ́ padà ló tó tún sọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn ládùúgbò tó lè tẹ orin sórí bébà fífẹ̀. Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ olórin tó ń bá ṣiṣẹ́ ti ń dàgbà, ojú wọn ti ń wá iná. Orin tí wọ́n tẹ̀ wẹ́wẹ́, èèrà ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Adàkọ máa ń sọ pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, pé inú àkísà àgbà yìí sì ni oúnjẹ òun wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí ẹgbẹ́ fi gba olùdarí tuntun.

Obìnrin ni, kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ẹ̀kọ́ dé, ara rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó wá sílé Adàkọ fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jókòó, ó sì fa fìláàṣì kékeré kan yọ nínú báàgì. Orin tó ṣe fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọdún. Ètò ìdàkọ orin tó jáde lọ́dún yẹn gan-an ló fi kọ ọ́. Adàkọ ti fìláàṣì bọ ìhà ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n Ọkọ kùn, ó kùn sí i, ó wo fáìlì náà fún ìgbà díẹ̀ bí ìgbà tí àgbà ń wo àlejò tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú gbangba pé òun ò mọ irú èyí.

Olùdarí kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Mi ò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ti dé tán. Bí kò bá ṣí títí ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà ní oríta ni màá gbé e lọ. Bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá máa gbé e lọ.”

Adàkọ mọ ṣọ́ọ̀bù oríta. Ìwé ìpolówó àti káàdì ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, bébà kékeré, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kò sì mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ni ènìyàn fi ń fọn fèrè. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù fún òun. Bí wọ́n bá lọ, yóò ku òun àti ẹ̀rọ méjì tó ń wo ara wọn. Ó yọ fìláàṣì, ó fi í lé orí tábìlì.

“Yóò ṣí,” ó ní.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Dẹ́rẹ́bà yọrí láti yàrá. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti ń díbọ́n pé òun ń sùn.

“Ṣé o mọ bó ṣe máa ṣí ni?”

“Rárá.”

“Ìwọ lo sì ní yóò ṣí.”

“Mo ní yóò ṣí. Mi ò ní mo mọ bó ṣe máa ṣí.”

Dẹ́rẹ́bà ronú sí èyí, ó ní bí òun náà ṣe máa ń sọ fún àwọn òbí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì bá kú sọ́nà pẹ̀lú ọmọ wọn nínú.

Ọ̀dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe ni Adàkọ kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní Ẹnjiníà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí àdúgbò, òkú kọ̀ǹpútà kún ibẹ̀ dé àjà, wáyà so kọ́ sára ògiri bí ìtàkùn. Ó tẹ̀lé e wálé, ó gbìyànjú láti fi ètò tuntun náà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní ìpìlẹ̀ tí òun dúró lé ti dàgbà jù fún ẹrù yẹn. Ẹnjiníà ò gbà, ó lọ gbé àwọn èròjà kan tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà wá, ó kó wọn sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ètò náà yọjú lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ hàn gedegbe láàárín ojú ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó mí, ó ti pòórá, bí ọkùnrin tó yọjú wo pálọ̀ tó rí àna rẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n tún dán an wò.

Ẹnjiníà fi ọwọ́ nu ojú. “Màmá, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí lọ sinmi. Ó ti ṣe bẹbẹ.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe máa sọ fún ìwọ náà nìyẹn tó o bá dàgbà?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú, ṣùgbọ́n ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Adàkọ pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ ní òun á ra kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́. Ìyá ní kò burú, ta ni yóò wá kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní èdè rẹ̀? Wọ́n fà á díẹ̀. Ìyá tó bí ọmọ ló bí agídí ọmọ, kò sí ẹni tó gbà fún ẹnìkejì. Nígbẹ̀yìn ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó ní kí màmá òun wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì dáadáa, kò lè jẹ́ pé màmá nìkan ni ìyà yìí ń jẹ láyé.

Òótọ́ ni. Adàkọ jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo wá a, ó sì rí ibi tí àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó yà á lẹ́nu bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ ń kọ orin lórí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan sọ nù. Ọkùnrin kan kò fẹ́ sọ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú nù. Àwọn kan ń bú ara wọn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó kà á, ó ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni omi tó gbé kaná gbẹ mọ́ ìkòkò. Láàárín ariwo yẹn ló ti rí ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí kò pariwo. Ẹni náà ní kí ènìyàn má bá ètò tó tuntun jù lọ jà. Àwọn tó ń ṣe ètò náà kò tíì da ti àná nù. Kí ènìyàn wá èyí tó jáde kẹ́yìn kí wọ́n tó pa ìpìlẹ̀ àtijọ́ tì, ìyẹn ni ẹ̀rọ àgbà á gbà. Ní ti fáìlì tuntun, kí ẹni tó kọ ọ́ tún un pa mọ́ ní èdè kan tí gbogbo ètò ìdàkọ gbọ́, bí àwọn ará ọjà tí èdè wọn ò pa pọ̀ ṣe máa ń rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ fi ná ọjà.

Adàkọ dìde. Ó ki ìkòkò tó ti jó bọ omi, ó sì tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Olùdarí pé kí ó jọ̀ọ́ tún fi orin náà ránṣẹ́ ní èdè àárín yẹn. Olùdarí kò bèèrè ìdí, ó ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì Ẹnjiníà bá a wá ètò ti àná náà kàn, ó gbé e sórí fìláàṣì, ó ní òun ń ṣe é nítorí Ọlọ́run ni, nítorí òun ò rò pé yóò ṣiṣẹ́.

Kò sì ṣiṣẹ́. Bí Adàkọ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀rí tí ètò yìí gbé wá, ìyẹn èdìdì tó ń fi hàn pé ojúlówó ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ó pa ẹ̀rọ, ó tan án, ó fẹ́ eruku kúrò lára ojúhò rẹ̀, ó sọ fún un pé kí ó má dójú ti òun. Ọ̀rọ̀ kan náà. Kò tíì bẹ̀rẹ̀? Ohun tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe é gan-an ti kúrò lórí ẹ̀, báwo ni ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣe tíì bẹ̀rẹ̀?

Dẹ́rẹ́bà ló wọlé wá wá awò ojú rẹ̀, ó sì rí i lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó gbé e sójú, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà láti wò ó bóyá awò náà mọ́. Igun ìsàlẹ̀ ló wò.

“Adàkọ, ọdún wo ni ẹ̀gbọ́n mi rò pé a wà?”

Obìnrin náà wo igun náà. Ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn jáde ló wà níbẹ̀. Bátìrì kékeré tó ń bá a ṣọ́ aago ti kú tipẹ́. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pa á, á gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọjá, á padà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Adàkọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọdún mọ́dún, kò kà á sí, nítorí orin kì í bi ènìyàn pé ọjọ́ mélòó ni òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ẹ̀rọ rò pé ó wà yẹn, wọn ò tíì ṣe ètò náà rárá.

Dẹ́rẹ́bà jókòó kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò jẹ̀bi. Bí ẹni tí wọn ò tíì bí bá ń kan ìlẹ̀kùn, ta ni yóò ṣí i fún un?

Adàkọ fúnra rẹ̀ ló tú ìdí ẹ̀rọ. Ó lọ sọ́dọ̀ atúnaagoṣe, ó fi òkú bátìrì náà hàn án, pẹlẹbẹ roboto bíi bọ́tìnnì aṣọ òtútù, ó sì rí irú rẹ̀ gbà. Ó fi í sí i, ó tún ọjọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ló tẹ ètò náà. Fáànù kùn sókè. Àwòrán yọjú, ó dúró. Ó ṣì dúró. Orin Olùdarí tú jáde lójú ẹ̀rọ, ìlà márùn-ún, ìlà márùn-ún, àwọn àmì orin so mọ́ ọn bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Adàkọ kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò ó.

Ọjọ́ Ọjọ́rú nìyẹn. Kò ráyè yọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ti olúkúlùkù sọ́tọ̀.

Ohun kan wà níbí tí ẹni tí kì í ṣe adàkọ kò ní mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun èlò ló ń sọ ohun tó kà. Fèrè dúdú tí wọ́n fi igi ṣe, bí ẹni tó ń fọn ún bá ka dò, ohùn tó máa jáde á rẹlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan sí dò ti fayolíìnì. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Nítorí náà adàkọ gbọ́dọ̀ gbé orin onífèrè sókè ní ìgbésẹ̀ kan lórí bébà, kí ohùn rẹ̀ lè bá ti àwọn yòókù dọ́gba tó bá jáde. Láyé bàbá rẹ̀, ẹni tó ṣe orin kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Bí gbogbo ohùn ṣe ń dún létí rẹ̀ ló ń kọ ọ́, iṣẹ́ adàkọ ni láti gbé ti fèrè sókè. Ọwọ́ Adàkọ ti mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ó dé orí ti fèrè dúdú, ó ní kí ẹ̀rọ gbé e sókè ní ìgbésẹ̀ kan, ẹ̀rọ gbé e, ó kọjá lọ sórí èyí tó kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó gbé odindi ìdì náà dé gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe ìdánrawò. Bébà fífẹ̀, àmì ńláńlá. Bàbá Onífèrè, tó ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe kùrukùru, gba tirẹ̀, ó nà án síwájú, ó ní, “Háà, èyí ni mo lè kà láì bẹ ẹnikẹ́ni.” Olùdarí ṣí ìdì náà wò, ó wo Adàkọ, ó mi orí díẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga irin. Olùdarí gbé ọwọ́.

Àwọn fayolíìnì bẹ̀rẹ̀, ó tutù, ó mọ́ roro. Lẹ́yìn náà àwọn onífèrè wọlé.

Bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín ha abọ́ irin ni. Olùdarí dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó tún burú. Bàbá Onífèrè yọ fèrè lẹ́nu, ó ń wò ó bí ẹni pé ó ti purọ́ mọ́ òun. Ọ̀kan nínú àwọn oní-fayolíìnì ní kí wọ́n má dá bàbá lẹ́bi, pé ẹ̀rọ Àǹtí Adàkọ ló ti ń ṣarán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò fi ṣe ibi, ṣùgbọ́n etí Adàkọ gbóná lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tó dúró sí.

Nígbà ìsinmi Olùdarí wá bá a. Kò bínú, èyí tó burú ju kó bínú lọ. Ó ní òun ti rí i pé Àǹtí gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò lè fi orin lé ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ dà lọ́wọ́. Ó ní lọ́la òun á lọ sí oríta.

“Fún mi láyè títí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la,” Adàkọ ní.

“Kí lẹ fẹ́ ṣe, mà?”

“Mi ò tíì mọ̀. Títí ìrọ̀lẹ́.”

Olùdarí gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adàkọ kò súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Ó mú bébà fayolíìnì kan àti ti fèrè, ó gba ilé Bàbá Onífèrè lọ. Àgbàlagbà náà ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kì í jẹ́ kí ó fọn fèrè kí òun tó jẹun tán. Wọ́n dúró dè é kó jẹun tán. Lẹ́yìn náà Adàkọ ní kí bàbá fọn ìlà àkọ́kọ́, òun náà sì ń fi imú kùn ti fayolíìnì lábẹ́lẹ̀. Ó dún burúkú. Ó ní kí wọ́n lọ sí àárín orin. Ó dún burúkú, bákan náà. Ó ní kí wọ́n lọ sí ìparí. Bákan náà gan-an. Ìgbésẹ̀ kan ni fèrè fi ga ju bó ṣe yẹ lọ níbi gbogbo, kò dín, kò lé.

Ibẹ̀ ni Adàkọ ti to bébà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti bá ẹ̀rọ yẹn gbé pẹ́ tó láti mọ àìsàn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣarán, ńṣe ló máa ń gbé àmì kan jẹ níhìn-ín, á sọ òmíràn di àpótí lọ́hùn-ún, kì í ṣe é létòlétò. Àṣìṣe tó bá gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìlà tí a fi rúlà fà, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Ó rí i nígbà náà. Olùdarí ti gbé ti fèrè sókè fúnra rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, bí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe, òun náà sì tún gbé e lé e. Ìyá ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ọmọ ò mọ̀, ó tún fi sí i. Ká ní Olùdarí máa ń kọ àmì tó ń sọ bí ohùn orin ṣe ga sí síwájú ìlà bí ti àtijọ́ ni, Adàkọ ì bá ti rí i pé iwájú ti fèrè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn ń kọ tirẹ̀ sí, iwájú gbogbo ìlà sì mọ́ bákan náà.

Ó ṣàlàyé fún bàbá. Bàbá ro ó, ó fi aṣọ nu ẹnu fèrè.

“Sọ fún un pé ẹ̀rọ ló ṣe é,” ó ní. “Ẹ̀rọ ò lẹ́nu tí yóò fi jiyàn.”

“Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é, ẹ̀rọ ló máa lọ, Bàbá.”

Àbúrò bàbá dá sí i láti ilé ìdáná pé òtítọ́ ni, pé kí bàbá má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ pípa lówùúrọ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ Olùdarí lọ tààrà, nínú yàrá kékeré tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù. Ó dúró títí ọmọ kan fi parí. Lójú ọ̀nà ó ti to ọ̀rọ̀ náà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu rẹ̀ yóò là, gbogbo ohun tó tò náà bọ́ dànù. Ó ní òun ló ṣe é, ẹ̀rọ kọ́. Ó ní òun gbé ti fèrè sókè láì bèèrè bóyá wọ́n ti gbé e.

Olùdarí ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

“Mo ti gbé e,” ó ní. “Mo rò pé ẹ mọ̀.”

“Èmi náà rò pé o ò tíì gbé e.”

Níta, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń lu irin ọgbà lọ pẹ̀lú igi. Olùdarí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bí ẹni tó rí i pé òun wọ ẹ̀wù sódì. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní ilé-ìwé pé kí ẹni tó ṣe orin gbé e fúnra rẹ̀, nítorí kò sí adàkọ mọ́ láyé. Bó ti sọ ọ́ tán ló mọ ohun tí òun sọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí Àǹtí má bínú.

“Mi ò bínú. Àwọn tó kọ́ yín ni kò tíì dé àdúgbò wa.”

“Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?”

“Nígbà tó o bá ń fún mi, fi ẹnu rẹ sọ ọ́. Bí o bá gbàgbé, èmi á bèèrè.”

Olùdarí ro ó. Ó ní kí ó lọ tún ti fèrè tẹ̀. Bó bá dún bó ṣe yẹ lọ́jọ́ Ajé, òun ò ní gba oríta kọjá. Bí kò bá dún, kí Àǹtí má tún bẹ òun mọ́. Adàkọ ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó sọ orin fèrè kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ó tún un tẹ̀. Kó tó gbé e jáde, ó jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ó ka àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwé ńlá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ìbá ti ṣe. Dẹ́rẹ́bà gbé oúnjẹ wá fún un, ó gbé e kúrò ní tútù, ó tún gbé òmíràn wá, kò sọ̀rọ̀ kankan nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ó dúró sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn níbi tó máa ń dúró sí. Fayolíìnì bẹ̀rẹ̀. Adàkọ di ọwọ́ àpò rẹ̀ mú. Àwọn onífèrè gbé fèrè sẹ́nu, wọ́n wọlé, wọ́n sì wọlé bí omi ṣe ń wọ inú omi, tí ènìyàn kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Olùdarí kò dá wọn dúró. Ó bá wọn lọ dé òpin, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra níbi tí ohùn ti ń rọlẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kò wo ẹ̀bá ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ń kó àga jọ, Olùdarí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò yìn ín. Ó fi fìláàṣì lé e lọ́wọ́.

“Apá kejì nìyẹn, mà. Mi ò tíì gbé e.”

Adàkọ ní òun gbọ́.

Ó rìn wálé. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí fáànù yẹn ò ní kùn mọ́, tí Ẹnjiníà yóò sì wá wò ó tí kò ní rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ń mí tí àárẹ̀ kì í mú. Lọ́jọ́ yẹn yóò tún wá ọ̀nà mìíràn, tàbí kí ó máà rí i. Òní kọ́.

Dẹ́rẹ́bà ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé dákẹ́. Iṣẹ́ kan ṣì kù. Ọkùnrin tó ń ta fayolíìnì ńlá, èyí tí wọ́n ń dúró ta, ti wá sọ fún un pé ojú ewé kẹta tirẹ̀ parí níbi tí ọwọ́ òun méjèèjì kò ti sinmi, pé eyín lòun fi ṣí i. Adàkọ tan ẹ̀rọ. Ó wá ibi tí ọkùnrin náà ti ń dákẹ́ láti ka mẹ́rin, ó fa ewé náà gùn dé ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bu bébà jẹ, ó tu ú jáde. Ó gé etí rẹ̀ tó yọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kẹta, ó fa téèpù sí ẹ̀yìn wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wà níbẹ̀. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Bébà náà kò dún. Ó fi í lé orí àwọn yòókù.